Ìje ọkọ̀ NASCAR: ife ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fi èrú borí, kì í ṣe owó nìkan

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, ní pápá ìje ọkọ̀ tó wà ní Charlotte, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, àwọn alábòójútó NASCAR tú ẹ́ńjìnnì awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Carl Long palẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé ó fẹ̀ ju bí òfin ṣe là á sílẹ̀ lọ. Báwo ló ṣe fẹ̀ jù tó? Tí a bá fi omi wọn àlékún náà, kò ní kún ṣíbí ìpotíì kan. Owó ìtanràn tó tẹ̀ lé e jẹ́ 200,000 dọ́là. Ní pápá kan náà yìí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1983, wọ́n ti wọn ẹ́ńjìnnì Richard Petty, ẹni tí gbogbo ayé ìje náà ń pè ní ọba. Àlékún ti ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ju ìgò kóòkì kékeré kan lọ. Owó ìtanràn tirẹ̀ jẹ́ 35,000 dọ́là, wọ́n sì fi ipò kìíní sílẹ̀ fún un.

Ẹjọ́ méjèèjì ti pẹ́. A mú wọn wá síwájú yín lónìí nítorí pé ìbéèrè tó wà nínú wọn kò tíì tán nílẹ̀: kí ló yẹ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó fi èrú borí? Èrò tiwa ni pé ohun tó fi èrú gbà gan-an ni kí wọ́n gbà padà. NASCAR mọ èyí ní ọjọ́ tí ìdíje rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbé e tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì tíì pẹ́ tó tún padà sí i.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wo ìje yìí rí, ọkọ̀ tó fara jọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí à ń rí lójú títì ni wọ́n fi ń sá a, kì í ṣe àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí táyà wọn wà níta. Ọkọ̀ bíi mẹ́rìndínlógójì sí ogójì ló ń sá papọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ní pápá roboto, tí wọ́n á máa yà sí ọwọ́ òsì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láti oṣù kejì títí di oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é, máàkì ni wọ́n sì fi ń ka ẹni tó wà níwájú. Láti 2014 títí dé àwọn ọdún tí a óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, awakọ̀ mẹ́rìndínlógún ló ń wọ abala ìparí tí wọ́n ti ń du ipò aṣíwájú ọdún, ẹni tó bá sì borí ìje kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àyè wọ̀ ọ́. Òfin ló mú kí àwọn ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nítorí náà, ohun tí kò tó nǹkan lójú wa, bí ihò afẹ́fẹ́ kan tàbí téèpù kan, lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó borí àti ẹni tó ṣe ipò kẹwàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òṣùwọ̀n tajà kò ní béèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń bínú sí ohun kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi nǹkan sí ìdí kóńgò díẹ̀ díẹ̀, ní òpin oṣù, ilé ló fi ń kọ́.

Ọdún 1948 ni Bill France dá NASCAR sílẹ̀ ní Daytona Beach ní Florida. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà ọdún 1949 ni wọ́n sá ìje àkọ́kọ́ nínú ìdíje àgbà tó ṣì wà títí dòní, ní Charlotte náà ni. Òfin rẹ̀ rọrùn: ọkọ̀ tí ènìyàn rà lọ́jà ni kó gbé wá, bí wọ́n ṣe tà á ni kó ṣe wà. Glenn Dunaway ló kọ́kọ́ dé, ó fi ìyípo mẹ́ta ṣáájú ẹni tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀ Ford rẹ̀, wọ́n rí i pé wọ́n ti tún irin tó gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣe kó lè dúró gírí. Ọkọ̀ akẹ́rù ọtí ni. Láyé ìgbà náà, àwọn kan ní àwọn òkè ibẹ̀ ń pọn ọtí líle ní ìkọ̀kọ̀ láìsan owó orí. Àgbàdo ni wọ́n fi ń pọn ún, ṣùgbọ́n ó bá sódàbì tiwa tan. Òru ni wọ́n fi ń kó o, pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́yìn wọn, irin tí wọ́n tún ṣe yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé níbi tó bá ti yà.

NASCAR kò bu owó ìtanràn lé Dunaway. Wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún Jim Roper tó wa ọkọ̀ Lincoln láti Kansas wá, 2,000 dọ́là tó jẹ́ ẹ̀bùn ẹni tó borí sì tẹ̀ lé e lọ. Hubert Westmoreland tó ni ọkọ̀ Ford náà lọ sí kọ́ọ̀tù, ó ní kí NASCAR san 10,000 dọ́là fún òun. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ẹni tó ṣe òfin ìje lágbára láti gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó rú u.

Ìlànà tó dára ni. Kí ló wá dé tí wọ́n fi í sílẹ̀? Lẹ́yìn ọdún 1960, ó ju ọgọ́ta ọdún lọ kí NASCAR tó tún gba ipò kìíní lọ́wọ́ awakọ̀ nínú ìdíje àgbà nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kò bá òfin mu. Ìdílé France, tó ni NASCAR láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ, ní ìdí kan tí wọ́n ń sọ: ẹni tó sanwó wọlé wá wòran gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó borí kó tó padà sílé. Bó bá rí i pé ọkọ̀ pupa ló borí, kò dára kó jí lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó gbọ́ pé ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, a kò ní purọ́. Òǹwòran ló ń jẹ́ kí ìje wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bí. Owó ìtanràn ló wá di ìjìyà, àti máàkì tí wọ́n ń yọ. Ó wá dà bí ìgbà tí ènìyàn jí ewúrẹ́, tí wọ́n mú un, tí wọ́n ní kó san owó díẹ̀ fún ìlú, lẹ́yìn náà kó máa fa ewúrẹ́ rẹ̀ lọ sílé.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ Petty. Òfin sọ pé àyè inú ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ ju ínṣì kúbíìkì 358 lọ, èyí tó súnmọ́ lítà mẹ́fà. Ti Petty fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 382. Kò tán síbẹ̀ o. Wọ́n tún fi táyà tó yẹ kó wà ní apá òsì sí apá ọ̀tún ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí pé apá òsì ni wọ́n ń yà sí, apá ọ̀tún ni gbogbo ẹrù máa ń wọ̀ sí, ìdí nìyí tí òfin fi ní kí táyà apá ọ̀tún le. Táyà apá òsì rọ̀, ó sì máa ń di ilẹ̀ mú dáadáa, ẹni tó bá fi í sí apá ọ̀tún yóò sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nǹkan méjì ni wọ́n rú lẹ́ẹ̀kan náà, nínú mẹ́ta tí NASCAR sọ pé òun kì í fojú fò: ẹ́ńjìnnì, táyà àti epo. Petty sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Maurice, arákùnrin rẹ̀, ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún un. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìjìyà rẹ̀ ni 35,000 dọ́là àti máàkì 104, owó ìtanràn tó pọ̀ jù lọ tí NASCAR tíì gbà títí di ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ìje yẹn wọ ìwé gẹ́gẹ́ bí ìkejìdínlọ́gọ́rùn-ún lé ní ọgọ́rùn-ún tí Petty borí.

Ẹ wá wo Carl Long. Òun ló ń bójú tó ẹgbẹ́ ara rẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré tí kò ní olówó lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì tó lò, rírà ló rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Ìje tó fẹ́ sá lọ́jọ́ náà kò ní máàkì nínú rárá. Ẹ́ńjìnnì náà bàjẹ́ nígbà tó ń dán ọkọ̀ wò, ó yọ ọ́ kó lè fi òmíràn sí i, ìgbà yẹn ni NASCAR gbà á wọ̀n. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 358.17. Àwa kò mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ lè fi irú àlékún bẹ́ẹ̀ jèrè. Wọ́n ní kí ọ̀gá mẹkáníìkì rẹ̀ san 200,000 dọ́là, èyí tó ju mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún sẹ́fà lọ tí a bá ṣírò rẹ̀ lónìí. Kò sí ìtanràn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn NASCAR títí di ọjọ́ náà. Wọ́n yọ máàkì 200, wọ́n sì dá Long dúró fún ìje méjìlá. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n dín ìje méjìlá kù sí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n owó dúró bó ṣe wà. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ti rí owó náà san, Long kò lè wọ ọgbà ìdíje àgbà mọ́. Ìdíje ìpele kejì ló ń bá kiri. Ó di ọdún 2017 kó tó tún wa ọkọ̀ nínú ìdíje àgbà.

NASCAR ní àlàyé tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá gba díẹ̀ láàyè yóò gba púpọ̀ láàyè lọ́la. Wọ́n tún lè tọ́ka sí Michael Waltrip ní Daytona ní 2007, nígbà tí wọ́n bá ohun tí kò yẹ kó wà nínú epo nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀: 100,000 dọ́là, máàkì 100, wọ́n sì lé ọ̀gá mẹkáníìkì rẹ̀ kúrò ní pápá. Ẹ̀yin tó ń gun ọ̀kadà lójú títì wa mọ ohun tí epo tí wọ́n pò mọ́ nǹkan mìíràn ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì, a kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Waltrip padà sí ìje nítorí pé olówó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Iye kan náà kì í ṣe ìjìyà kan náà fún ẹni méjì. Fún ẹgbẹ́ ńlá, owó ìtanràn jẹ́ iye tí ọjà náà tó: wọ́n á ṣírò rẹ̀ mọ́ owó táyà àti owó epo. Fún ẹgbẹ́ kékeré, ó jẹ́ títìpa ṣọ́ọ̀bù.

Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé a ń sọ àsọdùn, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2023 ní Phoenix. Hendrick Motorsports, tó wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó lówó jù lọ, ní ọkọ̀ mẹ́rin níbẹ̀. NASCAR gba àwọn ìdérí ihò afẹ́fẹ́ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní wọ́n ti tún wọn ṣe. Láti 2022, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ti ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìjìyà rẹ̀: 100,000 dọ́là lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 400,000, àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì mẹ́rin jókòó sílé fún ìje mẹ́rin, máàkì 100 lọ lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Hendrick pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó ní bí àwọn ìdérí náà ṣe ti ilé iṣẹ́ dé kò dára. Ìgbìmọ̀ gbà pé wọ́n rú òfin, owó dúró, ìjókòó sílé dúró, ṣùgbọ́n wọ́n dá gbogbo máàkì padà. Ẹgbẹ́ náà sì yọ̀. Wọ́n san 400,000 dọ́là, wọ́n sì yọ̀! Ohun tó dùn wọ́n kì í ṣe owó.

Ní ọ̀sẹ̀ ìje kan náà, wọ́n rí irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lára ọkọ̀ Kaulig Racing, ẹgbẹ́ tí kò tó Hendrick rárá, wọ́n sì fún un ní ìjìyà kan náà. Òun náà pe ẹjọ́. Nínú máàkì 100 tí wọ́n yọ lára rẹ̀, 25 ni wọ́n dá padà. Àwọn tó jókòó lórí ẹjọ́ méjèèjì kì í ṣe àwọn kan náà, a mọ̀, a kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni gba rìbá. Àwa kàn ní kí ẹ fi ọ̀kan tẹ́ ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. NASCAR pàápàá rí i pé kò dára, nítorí kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó yí òfin padà kí ìgbìmọ̀ má baà lè pa abala kan nínú ìjìyà rẹ́ pátápátá mọ́.

Ọ̀nà tí NASCAR gbà padà sí ìlànà 1949 kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní 2017, Joey Logano borí ní Richmond, wọ́n sì rí àṣìṣe lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún un jẹ́ ààbọ̀: ìje náà wà lórúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi wọ abala ìparí. Kò sì rí i wọ̀ lọ́dún náà. Ní oṣù kejì ọdún 2019 ni NASCAR wá kéde pé ẹni tó bá borí tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá yege àyẹ̀wò lẹ́yìn ìje, ipò rẹ̀ ti lọ, ẹni tó tẹ̀ lé e ni yóò gbà á. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹnu lásán ni, pé wọn kò ní dán an wò lára ẹni ńlá.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù keje ọdún 2022, ní Pocono ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Denny Hamlin ló ṣe ipò kìíní, Kyle Busch ṣe ìkejì. Ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì, Joe Gibbs Racing, ẹgbẹ́ ńlá bíi Hendrick. Wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti gbé ife. Nígbà tí àwọn alábòójútó ṣí bébà aláwọ̀ tí wọ́n fi bo iwájú àwọn ọkọ̀ náà, wọ́n bá téèpù lábẹ́ rẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wà, èyí tó lè yí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ara ọkọ̀ kọjá padà. Téèpù náà fẹ́lẹ́ bíi bébà. Wọ́n yọ àwọn méjèèjì, wọ́n sì fún Chase Elliott tó ṣe ipò kẹta ní ìje náà, ẹni tí kò ṣáájú fún ìyípo kan ṣoṣo ní ọjọ́ náà. Joe Gibbs kò pe ẹjọ́. Ọ̀kankan nínú àwọn òǹwòran kò sì kú nítorí pé wọ́n jí lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n gbọ́ orúkọ mìíràn. Hamlin fúnra rẹ̀ padà sí Pocono lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó borí, ọkọ̀ rẹ̀ sì yege.

Àwọn kan ṣì ń ráhùn pé téèpù kékeré kò tó ohun tí wọ́n ń gba ife sí. A gbọ́. Ṣùgbọ́n tí kò bá tó nǹkan, kí ló dé tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú kò tó?

Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn wà tí a kò lè fi òṣùwọ̀n wọ̀n, ìyẹn ni kí awakọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ kọlu ẹlòmíràn. Fún ìyẹn, jíjókòó sílé ló yẹ, NASCAR sì ti ń ṣe é: ìje méjì fún Matt Kenseth ní 2015, ọ̀kan fún Bubba Wallace ní 2022, ọ̀kan fún Chase Elliott ní 2023. Kò sí olówó tó lè san ìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ní Richmond, Austin Dillon, tí máàkì rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, kọlu Logano, ó tún kọlu Hamlin, ní ìyípo tó kẹ́yìn, ó sì borí. Ìje nìkan ló lè gbé e wọ abala ìparí lọ́dún náà, ohun tó torí rẹ̀ kọlu wọn nìyẹn. NASCAR fi ìje sílẹ̀ fún un, ó ní kò sí ààyè abala ìparí. Ó pe ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò rí i gbà. Àwa ì bá ti gba ìje náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a gbà pé ohun tó wá mú gan-an ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní Richmond yìí kan náà ní 2013. Clint Bowyer fi ọkọ̀ ara rẹ̀ yí bírí nígbà tí ìje kù díẹ̀ kó parí, ìyẹn sì wà lára ohun tó ti Martin Truex, tó jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, wọ abala ìparí ní ipò Ryan Newman. NASCAR gba 300,000 dọ́là lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn ń rántí ni pé wọ́n yọ Truex, wọ́n sì dá Newman padà sí àyè rẹ̀. Truex kò ṣe nǹkan kan tí a mọ̀, ó sì dùn wá fún un. Ṣùgbọ́n àyè Newman ni.

Ohun tó kù tí a fẹ́ kí NASCAR tún ṣe ni ọ̀rọ̀ owó. Tí wọ́n bá fẹ́ máa gba owó ìtanràn, kí wọ́n wo àpò ẹni tó ń san án. Kí ó jẹ́ ìdá kan nínú owó tí ẹgbẹ́ náà ń gbà lọ́dún, kì í ṣe iye kan tí wọ́n kọ sínú ìwé fún olówó àti tálákà. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2009, Carl Long ì bá san nǹkan, ì bá sì dùn ún, ì bá sì padà wa ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìje mẹ́jọ.

Ti Petty kò ṣeé yí padà mọ́. Iye ìje tí ìwé NASCAR kà fún un títí dòní jẹ́ 200, kò sì sí awakọ̀ mìíràn tó súnmọ́ ọn. Darrell Waltrip ló ṣe ipò kejì ní Charlotte lọ́jọ́ náà ní 1983. Nígbà tó fi ìje sílẹ̀, 84 ni wọ́n kà fún un. Pẹ̀lú ọ̀kan yẹn, 85 ni ì bá jẹ́.